Ọyẹ́ Kì Í Pa Kòkòrò Obì

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ro irú iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ ṣe láyé, ẹ kọ́kọ́ na àtẹ́lẹwọ́ yín kí ẹ wò ó dáadáa. Mo mọ̀ pé ẹ kò sí níwájú mi, ṣùgbọ́n ẹ nà án ná. Irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ni mo fi jẹun fún nǹkan bí ogójì ọdún. Mi ò fi kọ̀wé, mi ò fi ránṣọ, mi ò sì fi gbá ọmọ ẹnikẹ́ni létí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan wà tó yẹ kí n gbá. Ńṣe ni mò ń kì í bọ inú agbọ̀n obì, tí mò ń fi í mọ bí inú agbọ̀n náà ṣe gbóná sí. Iṣẹ́ ayé mi nìyẹn. Nígbà tí àna mi kan bi mí pé, "Mà, kí lẹ̀yin gan-an ń ṣe kí ẹ tó fẹ̀yìn tì?" mo ní, "Mò ń bá obì wò ó bóyá ibà ń ṣe é." Ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni.

Orúkọ mi ni Sìdíkátù, ọmọ Bẹyẹrúnkà. Mo jáde sẹ́kọ́ńdìrì, èsì ìdánwò mi kò sì dùn ún gbọ́, nítorí náà ẹ má bi mí. Ìyá mi fà mí lọ́wọ́ lọ sọ́dọ̀ Alhaja Wúlémọ́tù, tí gbogbo Ọjà'ba ní Ìbàdàn ń pè ní Ìyá Alóbì, ó ní kí wọ́n bá òun fi mí kọ́ṣẹ́. Ní ti owó tí mo rí níbẹ̀, ó tó jẹun, ó tó tọ́mọ, ó tó sìnkú. Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ owó sílẹ̀ síbẹ̀.

Yàrá tí Ìyá ń kó obì sí ni mo fẹ́ sọ, nítorí òun ni ọkàn mi ṣì máa ń lọ bá bí mo bá jókòó lémi nìkan. Ìsàlẹ̀ òkè Mápó ló wà. Ògiri rẹ̀ jẹ́ alámọ̀, ó nípọn tó apá mi láti igbọ̀nwọ́ dé orí ìka. Páànù ló wà lórí rẹ̀ bíi ti gbogbo ilé, ṣùgbọ́n àjà wà lábẹ́ páànù náà, igi tí wọ́n tò mọ́ra tí wọ́n fi amọ̀ rẹ́. Fèrèsé kan ṣoṣo ló ní, kò sì tóbi ju àwo ọbẹ̀ lọ. Ní ọ̀sán gangan nínú ẹ̀ẹ̀rùn, tí àwọn ewúrẹ́ Bẹẹrẹ bá ń du òjìji abẹ́ ọkọ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́, bí ẹ bá wọ inú yàrá yẹn, àfi bí ẹni tó wọ inú odò. Òórùn ewé tútù àti amọ̀ ló máa ń kí yín lẹ́nu ọ̀nà. Mo ti wọ ilé tí wọ́n fi ẹ̀rọ amúlétutù sí lẹ́yìn ìgbà náà. Kò jọ ọ́.

Obì gbàǹja là ń tà, èyí tí wọ́n ń kó lọ sókè Ọya. Bó bá ti oko dé, a ó bó èèpo funfun ara rẹ̀, a ó fọ̀ ọ́, a ó fi ewé bò ó kó làágùn, lẹ́yìn náà a ó tò ó sínú agbọ̀n ńlá tí a ti fi ewé gbòdògì tẹ́ nínú. Bí ẹ bá mọ̀ ọ́n tọ́jú, ó lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù kó má yàtọ̀. Ọ̀tá rẹ̀ kan ṣoṣo ni kòkòrò. Ó kéré, ẹnu rẹ̀ gùn síta bí abẹ́rẹ́. Abo rẹ̀ á fi ẹnu yẹn lu obì níhò, á yé ẹyin sínú ihò náà, á sì bá tirẹ̀ lọ bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Ẹyin á di ìdin, ìdin á máa jẹ obì lọ nínú òkùnkùn, títí yóò fi di kòkòrò bíi ìyá rẹ̀ tí yóò sì lu ihò jáde. Àwọn àgbà ní kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló wà. Ìyá máa ń fi tirẹ̀ kún un pé, "Inú obì ló wà, ṣùgbọ́n ooru ló ń tọ́ ọ."

Odidi ọdún kan ni mi ò fi fọwọ́ kan inú agbọ̀n. Mo bó obì, mo fọ obì, mo nu ewé, mo gbálẹ̀. Àwa méjì là ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, èmi àti Kúbúrà, ọmọbìnrin kan tó máa ń rẹ́rìn-ín kí èèyàn tó sọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín. Nígbà tí Ìyá gbà pé ká máa ki ọwọ́ bọ agbọ̀n, òfin dé. Èèyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ti ọwọ́ bọ omi àmù, kó nù ún gbẹ, kó wá dúró títí ọwọ́ náà yóò fi gbàgbé ohun tó dì mú kẹ́yìn. Bí Ìyá ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn. Ní àárọ̀ ọyẹ́ kan, òtútù mú Kúbúrà, ó fi ọwọ́ sí abíyá kó tó wọlé wá.

"Kúbúrà, níbo lọwọ́ rẹ ti ń bọ̀?"

"Kò lọ síbì kankan, Ìyá."

"Abíyá rẹ ló ń jẹ́ ibì kankan?"

Kúbúrà bú sẹ́rìn-ín. Ìyá kò rẹ́rìn-ín. "Lọ tì í bọ omi. Ọwọ́ tó bá ti abíyá dé, gbogbo ayé ni yóò máa pè ní tútù."

Ìyá kì í nà wá. Ì bá sàn kó nà wá. Bí a bá ki ọwọ́ bọ agbọ̀n tó gbóná tí a ní ó tutù, ńṣe ni yóò ní ká da gbogbo obì inú rẹ̀ sórí ẹní, ká máa yẹ̀ wọ́n wò níkọ̀ọ̀kan, ká sì fi ewé tuntun tún un tò. Òun yóò jókòó tì wá, yóò máa fa tẹ̀síbáà rẹ̀, kò ní sọ̀rọ̀ kan. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn wúwo ju pàṣán lọ.

Lọ́jọ́ kan Kúbúrà bi í pé, "Ìyá, kí ló dé tá a fi ń da ara wa láàmú nítorí ooru? Ṣebí kòkòrò náà ló yẹ ká máa pa." Ìyá mú igbá kékeré méjì tó ní ìdérí, ó kó obì tí kòkòrò ti lù sínú wọn, iye kan náà. Ó gbé ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, níbi tí ara rẹ̀ yóò ti máa lọ́ wọ́ọ́wọ́ láìjóná. Ó gbé èkejì sídìí àmù. Ó ní kí n máa ṣọ́ ti ìdí ààrò, kí Kúbúrà máa ṣọ́ ti ìdí àmù, ká sì máa ṣí wọn wò láràárọ̀.

Ẹ̀yin ọmọ, ilé-ìwé tí mo lọ kò kọ́ mi ní ohun tí igbá méjì yẹn kọ́ mi. Àwọn tó wà nídìí ààrò tètè jáde, wọ́n gun ara wọn, wọ́n yé ẹyin, ọmọ wọn náà tún jáde. Nídìí àmù, ohunkóhun kò mira. Nígbà tí ti ìdí ààrò ti di ìyá àgbà, ti ìdí àmù kò tí ì dáyé. Kúbúrà ní, "Ìyá, àwọn ti ìdí àmù ti kú." Ìyá ní, "Wọn ò kú. Wọ́n ń sùn ni. Gbé wọn lọ sídìí ààrò." A gbé wọn lọ, kò sì pẹ́ tí àwọn náà fi ń jáde bí ọmọ iléèwé tí wọ́n lu agogo fún. Kúbúrà, tí kò mọ ibi tó yẹ kéèyàn dúró sí, wá ti igbá kejì súnmọ́ iná kí tirẹ̀ lè yára ju tèmi lọ. Gbogbo rẹ̀ kú, obì inú rẹ̀ sì hun jọ bí etí arúgbó. Ìyá ṣí i wò, ó ní, "Ooru náà ní ìwọ̀n. Bó bá pọ̀ jù, á pa kòkòrò, á pa obì, á wá ku ìwọ àti igbá."

Kúbúrà lọ́kọ ní Mọ́lété láìpẹ́ sígbà náà, ó sì di aláṣọ. Èmi náà lọ́kọ, mo bímọ, ṣùgbọ́n mo dúró ti obì.

Ó tó àkókò kí n sọ ti kókó fún yín. Bí Ìyá bá ti yẹ agbọ̀n kan wò tó sì tẹ́ ẹ lọ́rùn, yóò fi okùn dì í, yóò lọ́ okùn náà sápá ọ̀tún lẹ́ẹ̀mẹ́ta, yóò sì fi orí rẹ̀ pamọ́ sábẹ́ ewé. Bó bá ti so kókó yẹn, ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹnikẹ́ni kì í tú u ní Ìbàdàn, títí kan Ìyá fúnra rẹ̀. Àwọn oníbàárà tó ń ti òkè Ọya wá máa ń tú agbọ̀n gbogbo alóbì yòókù, wọ́n á da obì sílẹ̀, wọ́n á máa fi èékánná fá a wò. Bí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ Ìyá, wọ́n á kàn wo kókó, wọ́n á ní kí alábàárù gbé e. Alhaji Garba, tó ju gbogbo wọn lọ, máa ń sọ pé bí òun bá tú agbọ̀n Hàjíà wò, á dà bíi pé òun ń yẹ èékánná ìyá òun wò bóyá ó mọ́. Ìyá kò kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kò ra mọ́tò. Iyì tó ní láyé ni pé wọn kì í tú agbọ̀n rẹ̀.

Ní ọdún kẹwàá tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, ó sì kọ́ mi ní kókó náà. Ọdún kan náà yẹn ni mo ní ká gba ṣọ́ọ̀bù. Òtítọ́ ni, èmi ni mo dá a lábàá, ẹ má wá ẹlòmíràn. Ọkọ̀ kò lè dé ẹnu yàrá alámọ̀ wa, orí ni wọ́n fi ń ru agbọ̀n gba inú ọ̀nà tóóró jáde. Wọ́n sì ti kọ́ ṣọ́ọ̀bù tuntun kan sẹ́bàá Bẹẹrẹ, alásìmẹ́ńtì, ilẹ̀kùn onírin.

"Ìyá, ọkọ̀ máa ń dé ẹnu ọ̀nà gan-an níbẹ̀."

"Àjà ńkọ́?"

"Wọn ò ṣe àjà sí i, ṣùgbọ́n ó tutù, mà. Mo ti wọ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta."

"Ìgbà wo lo wọ ibẹ̀?"

"Àná, ìjẹta, àti àárọ̀ yìí."

"Nínú ọyẹ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ó wò mí títí. "Inú ọyẹ́, kò sí ilé tí kì í ṣe ilé rere," ló wí. Ṣùgbọ́n orúnkún ń dùn ún, mo sì ń fọwọ́ rẹ́ ẹ lórí bí ẹní rẹ́ ọmọ. Ó ní, "Ó dára. Ìwọ lo máa wà níbẹ̀."

Ọyẹ́ ọdún yẹn le. Ètè wa bó, ẹsẹ̀ wa là, èèyàn kò rí ṣóńṣó Mápó láti ìsàlẹ̀ títí oòrùn fi gòkè dáadáa. Mo kó obì lọ sí Bẹẹrẹ, mo yẹ̀ ẹ́ wò lágbọ̀n-lágbọ̀n. Kò sí ihò, kò sí ohun tó ń rìn, inú agbọ̀n tutù bí ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀lọ́. Mo so kókó lé ogójì agbọ̀n. Inú mi dùn débi pé mo ń kọrin. Ìgbàgbé ló ṣe mí, àbí ìgbéraga, mi ò mọ̀. Èmi tí mo fi ojú ara mi rí igbá ìdí àmù, mo wá gbàgbé pé ohun tó ń sùn kì í jáde kí àlejò.

Ọkọ̀ tó yẹ kó wá kó ẹrù kò wá, epo mọ́tò ti wọ́n gógó. A dúró ọ̀sẹ̀ kan, a dúró ìkejì. Ọyẹ́ sì kúrò nílùú bí ẹni tí kò dágbére. Oòrùn bọ́ sórí páànù tí kò lájà lábẹ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan mo ti ọwọ́ bọ omi, mo nù ún, mo dúró títí tó fi gbàgbé, mo wá fi àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ̀gbẹ́ agbọ̀n kan. Ó lọ́ wọ́ọ́wọ́, bí ìkòkò tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ tipẹ́. Mo fi lé òmíràn. Bákan náà ni.

Mo mọ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ báyìí kí ẹnikẹ́ni má baà gbèjà mi. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n tú wọn. Ṣùgbọ́n kókó ti wà lórí wọn, a kì í sì í tú kókó Ìyá. Bí mo bá fẹ́ tú u, mo gbọ́dọ̀ lọ bá a nílé rẹ̀ ní Bẹyẹrúnkà, kí n sọ fún un pé ṣọ́ọ̀bù tí mo fi ẹnu dídùn gbà gbóná, pé kókó tí wọ́n fún mi lọ́dún yìí gan-an, mo ti so ó lé ohun tí mi ò mọ̀. Ojú tì mí. Mo sọ fún ara mi pé ẹ̀gbẹ́ tí oòrùn ń bà nìkan ló gbóná, pé inú lọ́hùn-ún ṣì tutù. Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Ní ọjọ́ kẹrin ọkọ̀ dé, wọ́n kó ogójì agbọ̀n lọ, mo sì juwọ́ sí wọn.

Alhaji Garba fúnra rẹ̀ ló padà wá, lẹ́yìn oṣù kan ó lé. Kò lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ilé ló wá ní Bẹyẹrúnkà, ó ní kí alábàárù gbé agbọ̀n kan kalẹ̀ níwájú Ìyá. Kò pariwo. Ó bọ́ bàtà, ó jókòó sórí ẹní, ó béèrè àlàáfíà ilé, ó béèrè orúnkún. Lẹ́yìn náà ló wá ní, "Hàjíà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wò ó."

Ó dojú agbọ̀n náà dé. Ohun tó dà jáde kì í ṣe obì mọ́. Ìyẹ̀fun pupa ni, pẹ̀lú awẹ́ obì tó lu jára bí asẹ́, àti kòkòrò tó ń rìn lọ síhìn-ín sọ́hùn-ún láìkánjú.

Ìyá béèrè pé, "Mélòó ló rí báyìí?"

"Kò sí èyí tí kò rí báyìí, Hàjíà."

Alhaji wá wò mí, ó tún wo Ìyá. "Mo gbọ́ pé ọmọbìnrin yìí ló ń so ó báyìí. Bó bá jẹ́ òun ni, ẹ sọ fún mi, ọ̀rọ̀ ti tán. Tirẹ̀ ni n ó máa tú wò. N kò ní tú tiyín láé."

Ẹ rí i bí ilẹ̀kùn ṣe ṣí sílẹ̀ fún Ìyá. Gbólóhùn kan péré, orúkọ rẹ̀ á padà sípò, mo sì ti ń dúró de gbólóhùn náà. Ó mú okùn tí wọ́n gé lára agbọ̀n, ó yí i wò lọ́wọ́.

"Kókó mi ni," ló wí. "Èmi ni mo so ó."

Alhaji Garba wo okùn náà. "Bó bá rí bẹ́ẹ̀, láti òní lọ, n ó máa tú u wò."

"Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, Alhaji."

Nígbà tó lọ tán, mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, mi ò mọ ohun tí mò ń ṣe mọ́. Mo ní, "Ìyá, mo mọ̀ pé ó gbóná. Mo fọwọ́ kàn án kí ọkọ̀ tó dé."

"Mo mọ̀ pé o mọ̀," ni Ìyá dáhùn. "Ọwọ́ tí mo fi ọdún mẹ́wàá kọ́, ṣé ó lè kan ooru kó má mọ̀ ọ́n? Bí mo bá ní ìwọ ni, ọkùnrin yẹn á lọ máa sọ pé ọwọ́ rẹ kò mọṣẹ́. Ọwọ́ rẹ mọ̀ ọ́n. Ẹnu rẹ ni kò mọ̀ ọ́n. Dìde, kí o gbá ilẹ̀ yìí."

A kó padà sí yàrá alámọ̀. Nígbà tí Alhaji Garba dé lákòókò obì tó tẹ̀ lé e, tó tú agbọ̀n àkọ́kọ́, Ìyá yíjú sí ògiri bí ẹni tí wọ́n ń bọ́ aṣọ rẹ̀. Àwọn oníbàárà yòókù rí i, àwọn náà bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Kò ráhùn. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sọ ọ́ létí mi, nígbà tí à ń nu ewé, pé, "Bí Ọlọ́run bá fẹ́, kí n tó lọ, màá rí i kí wọ́n gbé agbọ̀n kan láì tú u." Láti ọjọ́ náà, ẹ má bi mí ohun tí mò ń ṣiṣẹ́ fún.

A wá ọgbọ́n kún ọgbọ́n. Nínú ọyẹ́, a ó mú obì díẹ̀ nínú agbọ̀n kọ̀ọ̀kan, a ó kó o sínú igbá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ká lè mọ ohun tó ń sùn nínú àwọn yòókù. Èyí tí tirẹ̀ bá jí, a ó ya agbọ̀n rẹ̀ sọ́tọ̀. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá wọlé, ọjọ́ ọjà kọ̀ọ̀kan ni à ń yẹ agbọ̀n wò, nítorí inú ooru, abo kòkòrò kì í sinmi ọmọ bíbí. Bí òjò bá mú kí ilẹ̀ tutù, àwa náà á sinmi díẹ̀.

Ayé ń yí, irinṣẹ́ ń yí. Wọ́n kó ọ̀rá wá dípò ewé. Ọ̀rá kì í jẹ́ kí obì gbẹ, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kó mí, ooru rẹ̀ á há mọ́ ọn nínú. Wọ́n kó ìyẹ̀fun apakòkòrò wá. Ìyá gbóòórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó bi ẹni tó ń tà á pé, "Ṣé o máa jẹ obì náà lójú mi?" Ọkùnrin yẹn rántí pé òun ní ìpàdé níbì kan. Nígbà tó yá, Àmínátù, ọmọ àbúrò mi tó ń kọ́ nípa iṣẹ́ ọ̀gbìn, wá kí mi.

"Mọ́mì, ṣé ẹ mọ̀ pé bí ooru bá pọ̀ tó ìwọ̀n kan, kòkòrò á tètè dàgbà, á sì yé ẹyin púpọ̀ sí i?"

"Wọ́n gba owó ilé-ìwé lọ́wọ́ bàbá rẹ kí wọ́n tó sọ ìyẹn fún ọ?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó yọ ohun èlò tí wọ́n fi ń wọn ooru jáde nínú báàgì, ó fi í ta mí lọ́rẹ. A jọ dán an wò lára agbọ̀n kan, ọwọ́ mi ní ẹ̀gbẹ́ kan, tirẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Ọwọ́ mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n má ṣe fọ́nnu jù. Nǹkan yẹn fi ohun kan jù mí lọ. Ojú kì í tì í. Bí ibì kan bá gbóná, ó ń wí i ni.

Ìyá kú kó tó rí ohun tó fẹ́ rí. Agbọ̀n tí wọ́n tú níṣojú rẹ̀ kẹ́yìn, inú rẹ̀ mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n wọ́n tú u. Àwọn ọmọ rẹ̀ wó yàrá alámọ̀ náà, wọ́n fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Mi ò bá wọn jà, ọmọ ló ni ogún. Mo háyà ilé àtijọ́ kan ní Oníyanrìn tí àjà rẹ̀ kò tí ì wó, mo ń bá iṣẹ́ lọ níbẹ̀. Ọyẹ́ pàápàá kò ṣe bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Tẹ́lẹ̀, a máa ń yá iná láàárọ̀ ní ojúde, a máa ń bú u, a máa ń bẹ̀ ẹ́ pé kó lọ. Nísinsìnyí, ó ń dé bí ẹni tó ṣèèṣì yà, ọjọ́ díẹ̀, ó ti lọ, àwọn kòkòrò kò sì rí àyè sùn. Bí àárọ̀ kan bá tutù báyìí, mo máa ń jáde síta dúró nínú rẹ̀ títí àwọn ọmọ mi yóò fi pariwo mọ́ mi pé kí n wọlé.

Àkókò obì tí mo ṣe kẹ́yìn kí n tó fẹ̀yìn tì ni mo fẹ́ fi parí rẹ̀. Alhaji Garba ti dàgbà, kò lè rìnrìn àjò mọ́. Sàní ọmọ rẹ̀ ló ń wá. Sàní tú agbọ̀n mẹ́ta àkọ́kọ́, ó tẹ́ ẹ lọ́rùn, àwọn alábàárù di wọ́n padà, wọ́n sì gbé wọn sínú ọkọ̀. Ó ku àwọn tó wà lẹ́yìn, tí kò tí ì tú. Mo gun ẹ̀yìn ọkọ̀ lọ kí wọn pé wọ́n kú iṣẹ́, mo wá fi ọwọ́ lé ọ̀kan nínú mẹ́ta yẹn láìronú. Mo gbé ọwọ́ kúrò. Mo bu omi inú ìgò sí i, mo nù ún, mo dúró. Mo tún fi lé e.

"Ẹ sọ èyí kalẹ̀."

Sàní ní, "Mà, a ti wò ó. Ó dára. Mo ti gbà á."

"Ojú lo fi wò ó. Sọ ọ́ kalẹ̀, kí o tú u délẹ̀ pátápátá."

Àwọn alábàárù ń kùn. Ọ̀kan ní òun kò rí ẹni tó ń ba ọjà ara rẹ̀ jẹ́ rí. Wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ ṣá, wọ́n dà á. Òkè mọ́, àárín mọ́. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ó tó ẹ̀kúnwọ́ méjì tí kòkòrò ti lù, tuntun, tí ìyẹ̀fun ẹnu ihò rẹ̀ ṣì tutù. Bó bá fi máa dé òkè Ọya nínú ooru tírélà, ó ti di ìlú.

Sàní yọ fóònù, ó bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní èdè Hausa títí, ó sì na fóònù náà sí mi. Ohùn Alhaji Garba ti tẹ́ẹ́rẹ́.

"Ọmọ Hàjíà, ta ló ní kí wọ́n tú u?"

"Èmi ni, Alhaji."

"Lẹ́yìn tí Sàní ti gbà á?"

"Lẹ́yìn tó ti gbà á." Mo wá fi kún un pé, "Alhaji, ti ọjọ́sí náà, ogójì agbọ̀n yẹn, èmi ni mo so wọ́n. Ìyá kọ́."

"Mo mọ̀. Hàjíà kì í lọ́ okùn sápá òsì."

"Ẹ mọ̀, ẹ wá ń tú tirẹ̀ láti ìgbà yẹn?"

"Ó ní tirẹ̀ ni. Ṣé kí n pe ìyá mi ní òpùrọ́ ni?" Ó wúkọ́ díẹ̀. "Sọ fún Sàní kó má tú àwọn tó kù."

Wọ́n gbé wọn bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú kókó lórí wọn. Mo ka gbogbo wọn wọ ọkọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ lọ tán, mo wá ẹni tí mo máa sọ ọ́ fún. Mo pe Kúbúrà, kí n tó la ẹnu, ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, jọ̀ọ́, jẹ́ kí n dá oníbàárà kan lóhùn ná." Ni mo bá fẹsẹ̀ rìn láti Oníyanrìn, mo gba Bẹẹrẹ, mo sọ̀kalẹ̀ lábẹ́ Mápó, mo dé ibi tí yàrá alámọ̀ wa wà tẹ́lẹ̀. Fóònù àti ìbòrí fóònù ni wọ́n ń tà níbẹ̀ báyìí. Obìnrin kan jókòó síbẹ̀, ó ń fi páálí fẹ́ ara rẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, mà. Kí lẹ fẹ́ rà?"

"Mi ò ra nǹkan kan, ọmọ mi. Ẹnì kan wà tí mo fẹ́ jíṣẹ́ fún níbí, kò sí nílé mọ́. Ṣé kí n sọ fún ọ?"

Ó wò mí, ó ti àga kan sọ́dọ̀ mi. "Ẹ jókòó, mà. Ẹ sọ ọ́."

"Wọ́n ti gbé agbọ̀n wa lọ láì tú u."

Kò mọ agbọ̀n tí mò ń sọ. Ó rí ojú mi ṣáá, ó sì kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ẹ kú oríire, mà."

Mo ní, "O ṣeun. Màá bá ọ sọ fún un."